GST: Kọ́ọ̀sì Tí Kì Í Yọ Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn, ẹni tó ń kọ́ òfin àti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń fi èjìká gbún ara wọn ní yunifásítì Nàìjíríà, kó lọ sí kíláàsì GST. Gbọ̀ngàn á kún dẹ́nu. Àwọn tó tètè dé á ti fi báàgì àti ìwé gba ààyè sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wọn, àwọn tó pẹ́ á gun ojú fèrèsé, àwọn yòókù á nàró sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ nínú makirofóònù tó ń hó, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ ju ìdajì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé kì í ṣe ohun tí àwọn torí ẹ̀ wá sílé ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú yẹpẹrẹ wò ó, tó sì gbé odo, ó lè yege nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ka tirẹ̀ títí dé ọdún tó kẹ́yìn, kí carry-over (kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe) Use of English tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní máà jẹ́ kó gba ìwé ẹ̀rí.

General Studies ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. GES ni wọ́n ń pè é n'Ìbàdàn. Ní Ifẹ̀, Special Electives ni, SER sì ni àmì rẹ̀ lórí tábìlì ìdánwò. Orúkọ ló yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́, ohun yòówù tí wọn ì báà wá kà. Bẹ́ẹ̀, yunifásítì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní kò bá irú rẹ̀ dáyé. Àríyànjiyàn ló gbé e wọ̀lú, àti láti ìgbà náà, ẹni tó bá wo ohun tí wọ́n ń fi kún un láti ìgbà dé ìgbà á mọ ohun tó ń kó ìdààmú bá orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà.

Ọdún 1948 ni University College Ibadan bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, Kenneth Mellanby sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fún wọn ní digirí, ìlànà Lọ́ńdọ̀nù sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀mọ̀wé ni ẹni tó mú ìmọ̀ kan ṣoṣo, tó gbẹ́ ẹ jinlẹ̀. Ẹni tó bá wá ka kẹ́mísírì, kẹ́mísírì àti àwọn ìmọ̀ tó bá a tan ni yóò máa kà. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti lo ọdún méjì sí i ní girama lẹ́yìn ìdánwò School Certificate kó tó dé yunifásítì, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó ti fọwọ́ kan gbogbo ìmọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ìlànà yìí lè ná èèyàn hàn lára òǹkọ̀wé Chinua Achebe, tó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ náà. Ìṣègùn ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbé e wá kọ́. Nígbà tó rí i pé lítíréṣọ̀ àti ìtàn ni ọkàn òun fà sí, tó sì yà sí ìhà ibẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àyè fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kan di ìṣègùn mú, kó fi ìkejì di lítíréṣọ̀ mú.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ìjà tiwọn. Charles William Eliot, tó jẹ́ ààrẹ Harvard láti 1869 sí 1909, sọ gbogbo rẹ̀ di èyí-tó-wù-mí. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń yan ohun tó fẹ́ kọ́. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kìn-ín-ní nìkan ló kù tó jẹ́ dandan fún gbogbo wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé èèyàn lè jáde ní Harvard báyìí kó má mọ ohun tí ẹni tó jókòó tì í mọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1919, Columbia ní New York dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Contemporary Civilization, tí gbogbo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ṣe, kí wọ́n lè jọ jíròrò bí ayé ṣe di ohun tó dà. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe é níbẹ̀. Ní 1945, Harvard fúnra rẹ̀ gbé ìwé kan jáde tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gbogboogbò.

Ṣùgbọ́n Harvard àti Columbia kọ́ ló gbé e dé Nàìjíríà. Michigan ló ti wá. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni Michigan State nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1855, irú yunifásítì tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ òṣìṣẹ́ ń lọ. Ní 1944, nígbà tí John Hannah jẹ́ ààrẹ rẹ̀, wọ́n dá ohun tí wọ́n pè ní Basic College sílẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ráyè dojú kọ iṣẹ́ tó yàn, yóò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, yóò kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń kọ̀wé, yóò kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti ìmọ̀ ìṣe ọmọ ènìyàn.

Nnamdi Azikiwe ló so Michigan mọ́ Nsukka, ìlú kan ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Ó ti lọ sí Amẹ́ríkà ní 1925, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rán ara rẹ̀ nílé ìwé, ó sì gba digirí àkọ́kọ́ ní Lincoln University ní 1930. Kò fi ìgbà kan gbà pé irú Ìbàdàn nìkan ló yẹ kí Nàìjíríà ní. Nígbà tó di olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn náà ṣe òfin yunifásítì tiwọn ní 1955. Ní 1958, Hannah àti Glen Taggart láti Michigan State, pẹ̀lú J. W. Cook láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, University of Nigeria ṣí ilẹ̀kùn ní Nsukka fún akẹ́kọ̀ọ́ 220. George Marion Johnson, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ òfin Howard, ló jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe General Studies: lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ ìṣe ọmọ ènìyàn, ìmọ̀ àwùjọ àti sáyẹ́ǹsì.

Yẹ̀yẹ́ ò jìnnà. Àwọn tó ti Ìbàdàn jáde ń bèèrè irú yunifásítì wo ni èyí tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé, eré ìdárayá àti iṣẹ́ akọ̀ròyìn, tí ọmọ onísáyẹ́ǹsì tún ń padà lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ gbólóhùn. Àwọn ará Nsukka náà ní ìdáhùn: orílẹ̀-èdè tuntun kò lè fi ẹni tó mọ ohun kan ṣoṣo ṣe ìjọba.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ní Nsukka jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Aliu Babatunde Fafunwa, tí wọ́n bí ní 1923, ti kàwé ní Florida kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955. Ó wọ Nsukka ní 1961, ó ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kí rògbòdìyàn tó ṣáájú ogun abẹ́lé tó gbé e padà sí Ìwọ̀-Oòrùn. Yunifásítì Ifẹ̀ ló gbà á. Ọdún 1962 ni Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe ọdún bíi márùn-ún àkọ́kọ́ kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Òfin tí wọ́n ṣe fún Special Electives níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní ẹ̀ka tirẹ̀, kó lọ jókòó sí kíláàsì ẹlòmíràn. Báyìí ni ọmọ onífísíìsì ṣe lè bá ara rẹ̀ nídìí ìtàn ilẹ̀ Adúláwọ̀, kí ọmọ tó ń ka lítíréṣọ̀ sì máa kọ́ nípa àrùn àti oúnjẹ.

Ohun tó wá sọ ohun tí Nsukka bẹ̀rẹ̀ di ti gbogbo yunifásítì Nàìjíríà kì í ṣe àríyànjiyàn mọ́. Òfin ìjọba ni. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 mú ètò 6-3-3-4 wá: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Ọdún méjì àfikún tí wọ́n ń lò ní girama kásẹ̀ nílẹ̀, digirí ọlọ́dún mẹ́rin dé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì sì ń bọ́ sí yunifásítì tààrà. Ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìmọ̀ gbogboogbò kó tó dé ti lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti gba yunifásítì àwọn ẹkùn ní 1975, Ifẹ̀ àti Nsukka wà lára wọn. Òfin tó jáde ní 1985 àti 1988 wá fún NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó yunifásítì, lágbára láti pinnu ohun tó kéré jù tí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́ni. Ní 1989, ìwé ìlànà náà jáde, GST sì wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka. Ìbàdàn tó ti ń wo Nsukka tìyanu-tìyanu náà ń ṣe é.

Láti ibẹ̀, bí ìṣòro bá ti yọjú nílùú, kọ́ọ̀sì á tẹ̀ lé e. Nigerian Peoples and Culture bá ìrònú kan náà tó bí ètò àgùnbánirọ̀ NYSC ní 1973 mu, pé kí ọmọ Nàìjíríà mọ ara wọn lẹ́yìn ogun. Nígbà tí àrùn éèdì ń pa èèyàn, Ìbàdàn sọ ẹ̀kọ́ nípa ìlera ìbímọ àti HIV di ara GES. Lẹ́yìn ọdún 2000, tí ìjà ẹ̀sìn àti ti ẹ̀yà ń gbóná, ẹ̀kọ́ nípa àlàáfíà àti bí a ṣe ń parí aáwọ̀ wọlé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé jáde bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri láìríṣẹ́, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo yunifásítì máa kọ́ni bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí sáà 2007/2008.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló gbé GST kúrò lórí ìwé lọ sí ibi tí òórùn kẹ́míkà ti ń ta síni nímú. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ á dá owó jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọn á ra nitrosol, soda ash, caustic soda, sulphonic acid àti texapon lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà. Wọ́n á ti rẹ soda ash àti caustic soda lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á da nitrosol sínú omi nínú báàfù oníke, wọ́n á máa fi igi rò ó títí yóò fi máa fà, wọ́n á wá máa da àwọn yòókù sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ka òfin á fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà mú igi, ẹni tó ń ka ìṣirò owó á máa wọn àwọ̀ àti lọ́fíńdà. Ọṣẹ náà á máa hó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kí ìfófòó rẹ̀ tó wálẹ̀, kí wọ́n tó lè rọ ọ́ sínú ike. Àwọn mìíràn á ṣe àdìrẹ, àwọn kan á sin ìlẹ̀kẹ̀, àwọn kan á yan kéèkì. Lẹ́yìn ìyẹn, máàkì á dé. Àwọn yunifásítì aládàáni náà ní tiwọn: Covenant, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà ní 2002, ní EDS fún òwò dídá sílẹ̀ àti TMC fún ìwà àti ìrònú, dandan sì ni méjèèjì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ń yí padà. Kò sí olùkọ́ tó lè máàkì àròkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ìdánwò wá di A, B, C, D, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nsukka kí ọmọ lè mọ bí a ṣe ń ronú, kó sì kọ ìrònú rẹ̀ sílẹ̀, ti di èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi ìbéèrè àná àti handout yege, tí wọn kì í kọ gbólóhùn kan délẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ṣàkíyèsí. Fafunwa tó ti ṣiṣẹ́ ní Nsukka ló darí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Àṣeyọrí rẹ̀ di ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń tọ́ka sí káàkiri. Lókè, ní yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni dandan. Nínú ìlànà NUC, Yorùbá kò jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Inú Nigerian Peoples and Culture ló wà, ní ẹ̀gbẹ́ Haúsá àti Ìgbò, lábẹ́ ìtàn àti àṣà ṣáájú ọdún 1800, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ìyẹn náà.

Ìlànà tuntun tí NUC gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tún tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà, wà ní ọdún kìn-ín-ní. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ọ̀nà àròjinlẹ̀ wà ní ọdún kejì pẹ̀lú òwò dídá sílẹ̀. Àlàáfíà àti ìdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ ló gba ọdún kẹta. Yúnítì méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12, nínú 120 tó kéré jù tí ẹni tó ń ṣe digirí ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní. Àmọ́, NUC kò pinnu gbogbo ohun tí wọ́n máa kọ́ni mọ́: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti àjọ náà, ìdá 30 tó kù sì wà lọ́wọ́ Séńéètì yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Yorùbá bá fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn kó tó jáde, Séńéètì tirẹ̀ ló máa jókòó lé e lórí, kì í ṣe Àbújá.