LÁTI Ọ̀WẸ̀ DÉ ALÁJẸṢẸ́KÙ: BÍ ÀWỌN ARÁ OKO ṢE Ń PAWỌ́ PỌ̀ KỌ́LÉ

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìnira tí ó wà nínú ilé kíkọ́ ní àwọn ìletò wa, a sábà máa ń gbọ́ pé ẹ̀mí ìrànlọ́wọ́ tí àwọn baba wa ní ni ó ti kú. Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Èrò tèmi ni pé ìtàn kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ohun méjì ni mo rí pé ó yí padà: èkíní, ibi tí ohun èlò ilé ti ń wá, èkejì, irú ẹ̀rí tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ yáwó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀wẹ̀. Ní ìgbà tí ó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni a ti ń wa amọ̀, tí igbó sì ń pèsè igi àjà àti ewé ìbolé, agbára ènìyàn ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé kíkọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé yóò ké sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Àwọn kan yóò pọn omi, àwọn kan yóò fi ẹsẹ̀ po ẹrẹ̀, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò sì máa mọ ògiri ní ipele-ipele, nítorí pé ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Onílé kì í san owó iṣẹ́. Oúnjẹ àti ẹmu ni ó ń pèsè. Àáró yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, nítorí pé iṣẹ́ ni a fi ń san iṣẹ́ níbẹ̀: bí mo bá bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ṣe tèmi. Àwọn ọba pàápàá mọ adùn ìpawọ́pọ̀. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn ń kó lọ bá Aláàfin Ọ̀yọ́, òrùlé ààfin ni a fi ń bò.

Nígbà tí ó di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn àgbẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí gbin kòkó. Kòkó mú owó wá, òrùlé páànù sì di ohun tí olúkúlùkù ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbé nínú abà lẹ́bàá oko, ṣùgbọ́n ìlú baba wọn ni wọ́n ti ń kọ́ ilé tí wọn yóò fi ṣògo. Páànù kì í hù nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wa ìṣó àti sìmẹ́ǹtì nínú ilẹ̀. Ọ̀wẹ̀ lè mọ ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ kò lè ra páànù.

Èsúsú ni ó dí àlàfo yìí. Samuel Johnson ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921: àwọn ènìyàn á dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Bí ogún ènìyàn bá ń dá pọ́n-ùn kan lóṣooṣù, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò kó ogún pọ́n-ùn nígbà tí ó bá kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ yá owó láìsan èlé. Ẹni ìkẹyìn fi owó pamọ́. Kí ni a fi dógò? Kò sí, àfi orúkọ rere. Ẹni tí kò bá sì ní ẹgbẹ́ tí yóò gbà á là, òun ni ó ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà láyé àtijọ́, tàbí tí ó ń fi oko kòkó rẹ̀ dógò lọ́wọ́ olówó èlé.

Ìpele kẹta ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní àwọn ọdún 1920, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn àgbẹ̀ kòkó jọ kí ọjà wọn lè dára sí i. Ní 1934, C. F. Strickland kọ ìròyìn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní 1935. Ní 1953, ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní báǹkì tiwọn ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi iyè sí i pé orí ìkórè ni a gbé irú ìyáwó yìí kà: a yá a kí kòkó tó pọ́n, a san án nígbà tí a bá tà á. Irú owó bẹ́ẹ̀ wúlò fún oko. Ilé ń fẹ́ owó tí a ó máa san fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ tí ń kọ́ ilé sílẹ̀ ní 1958, Bódìjà ní Ìbàdàn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Àwọn tí ó ní owó oṣù tàbí òwò ńlá ni wọ́n jàǹfààní rẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, owó tí ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó yọ pamọ́ kúrò lára iye tí ọjà àgbẹ̀ mú wá wà lára owó tí ìjọba náà fi ń ṣe ìdàgbàsókè. Àgbẹ̀ dá nínú èsúsú ńlá yìí, ṣùgbọ́n kò kàn án láti kó.

Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún fi kún ìṣòro náà. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìyọ̀ǹda ìjọba sì di dandan kí ènìyàn tó lè fi ilẹ̀ ṣe ìdúró fún owó. Òfin Owó Ilé ti 1992 sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa dá náírà méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ó sì ka ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́ wọn. Nínú ìwé, àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ tí ó ń gbé sì jẹ́ ti ẹbí. Ogún ènìyàn tí ó mọ ìwà rẹ̀ láti kékeré kò tó ẹ̀rí fún báǹkì.

Èsúsú pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Láti 1986, tí iye náírà ti ń já wálẹ̀, owó tí ẹni ìkẹyìn kó kò lè ra iye páànù tí ẹni àkọ́kọ́ rà. Nítorí náà ni mo fi dá a lábàá pé kí àwọn ẹgbẹ́ máa dá páànù àti sìmẹ́ǹtì dípò owó. Mo sì rò pé ó yẹ kí òfin gba ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lódindi láti dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ bí ó ti ń dá owó sì rọ́pò ìwé owó oṣù.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn ará oko kò tíì tú ọwọ́ wọn ká. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń ṣòfin ka ọwọ́ náà sí ẹ̀rí.