Ohun Èlò Ìfàsókè Ìgbòkun Lọ́ọ̀gì Nínú Ọkọ̀ Kékeré

Ìgbòkun lọ́ọ̀gì jẹ́ ìgbòkun onígun mẹ́rin tí a so etí òkè rẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan, tí a wá ń fi okùn fa ọ̀pá náà gun òpó ọkọ̀. Ọ̀pá yìí kì í dábùú, kì í sì í dúró ṣánṣán; ńṣe ló máa ń fì, tí ìdí rẹ̀ yọ díẹ̀ síwájú òpó, tí orí rẹ̀ sì nà sẹ́yìn lọ sókè. Ojú kan ṣoṣo ni okùn ti gbá a mú. Ìwúwo ọ̀pá, ìwúwo aṣọ àti agbára afẹ́fẹ́ tó kún inú aṣọ, ojú kan yẹn ni gbogbo wọn ń fà. Bí ìgbòkun kò bá fẹ́ gun òkè, tàbí tí kò fẹ́ sọ̀ nígbà tí ìjì dé, ohun èlò tó wà lójú yẹn ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó dá ẹni tó rán aṣọ lẹ́bi.

Láàárín àwọn apẹja etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Brittany ní ilẹ̀ Faransé ni lọ́ọ̀gì ti gbilẹ̀ jù, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Okùn tó ń di òpó wọn mú kò pọ̀, nítorí náà àyè ń gbà wọ́n láti da àwọ̀n, kí wọ́n sì fà á wọlé. Ní 1879, William Campbell gbé ọkọ̀ Nonesuch jáde ní Lossiemouth ní Scotland. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní Zulu, torí pé ọdún náà gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Zulu jagun ní gúúsù Áfíríkà. Ìgbòkun iwájú rẹ̀ tóbi débi pé agbára apá nìkan kì í tètè ká a. Nígbà tí ẹ̀rọ olóoru tó ń yí okùn dé orí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní apá ìparí ọ̀rúndún náà, àwọ̀n àti ìgbòkun ni ó bá wọn fà. Reaper, ọkọ̀ apẹja Scotland mìíràn tó ń lo lọ́ọ̀gì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Fifie, tí wọ́n kàn ní 1902, ṣì jẹ́ ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja Scotland ní Anstruther.

Oríṣi lọ́ọ̀gì mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ohun èlò wọn kò sì dọ́gba. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní dipping lug, igun ìsàlẹ̀ iwájú ìgbòkun ni a ń so mọ́ iwájú ọkọ̀. Bí atukọ̀ bá fẹ́ yí ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè bọ́ sí apá kejì, yóò sọ ìgbòkun wálẹ̀, yóò gbé ìdí ọ̀pá gba ẹ̀yìn òpó lọ sí apá kejì, yóò tún fà á sókè. Okùn ìfàsókè fúnra rẹ̀ ni a máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní apá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kó lè bá òpó gba ìnira náà. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yí ni okùn yìí náà ń pa ipò dà. Dipping lug ń sáré bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó nílò ọwọ́ tó pọ̀. Standing lug rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìtòsí ìdí òpó ni igun iwájú rẹ̀ wà, ọ̀pá kì í sì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ òpó tó wà. Ẹ̀kẹta ni balance lug, tó ní ọ̀pá kejì nísàlẹ̀, tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ náà sì yọ síwájú òpó bíi ti òkè. Òun ló wà lára SCAMP, ọkọ̀ tí John Welsford yàwòrán rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.6. Fún ẹni tó ń dá nìkan tukọ̀, kò sí èyí tó dára tó o.

Ohun èlò tó ṣe kókó jù ni òrùka òpó. Òrùka irin tàbí idẹ ni, ó yí òpó ká, ojú kékeré wà lókè rẹ̀ tí a ń so okùn ìfàsókè mọ́, ìkọ́ sì wà lára rẹ̀ tí a ń fi òrùka okùn ara ọ̀pá há. Bí a bá fa okùn, òrùka á gòkè, á gbé ọ̀pá dání, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀pá jìnnà sí òpó. Irú òrùka yìí ló wà nínú Swallows and Amazons, ìwé ìtàn tí Arthur Ransome kọ fún àwọn ọmọdé ní 1930, lára ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ́ Swallow.

Iṣẹ́ òrùka yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Okùn ń fà á sókè láti ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá sì ń fà á wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, òrùka á wá fì, etí rẹ̀ méjèèjì á já òpó jẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ibi tó bá há sí náà ló ń dúró, ìgbòkun kò sì ní sọ̀ ní àkókò tí ẹ̀mí ènìyàn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn àgbà atukọ̀ máa ń fi awọ bo òrùka yíká, wọ́n á sì fi ọ̀rá ẹran pa òpó. Òrùka gbọ́dọ̀ láyè dáadáa lára òpó níbi tí òpó ti sanra jù. Bí òpó bá sì ń tín-ín-rín lọ púpọ̀ sí òkè, òrùka tó bá a mu nísàlẹ̀ á máa mì lógèdè-ǹ-gbé lókè, ọ̀pá á máa gbá òpó. Ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu tún léwu: bí ìgbòkun bá ń gbọ̀n láìsí ẹni tó fà á le, òrùka okùn lè bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹnu ìkọ́ náà.

Àwọn kan kò fẹ́ irin rárá. Wọ́n á so ìdí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀pá, wọ́n á mú un yí òpó ká, wọ́n á sì tún so orí kejì mọ́ ọ̀pá, lẹ́yìn tí wọ́n ti sín ìlẹ̀kẹ̀ onígi sínú rẹ̀ kó lè máa yí gbirigbiri bó ti ń gòkè. Èmi fara mọ́ èyí fún ọkọ̀ tí kò tó mítà 5: kì í pariwo, kì í dá ọgbẹ́ sí òpó lára, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí okùn ìfàsókè gba inú ojú kan lára ọ̀pá, kó yí òpó ká, kó sì padà wá so mọ́ ọ̀pá náà. Bí a ṣe ń fà á le tó ni ọ̀pá ṣe ń fún mọ́ òpó tó.

Ojú ibi tí a ti ń gbá ọ̀pá mú yàtọ̀. Fún standing lug, ó máa ń wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta gígùn ọ̀pá láti ìdí rẹ̀. Fún balance lug, ó máa ń sún mọ́ àárín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má kan ohunkóhun mọ́ ojú yìí pa kí a tó gbé ìgbòkun sókè lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta wò.

Lórí òpó, okùn á gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà nínú ihò tí a lu, tàbí inú púlì tí a so kọ́ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ inú ihò ń pẹ́, kì í sì í gbá kiri. Púlì rọrùn láti pààrọ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kò gbọdọ̀ kéré jù fún okùn, okùn kò sì gbọdọ̀ ráyè bọ́ sí àárín kẹ̀kẹ́ àti ògiri ihò. Okùn manila àti hemp ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Hemp máa ń sún kì bí omi bá rin ín, ó sì ń dẹ̀ bó bá gbẹ. Ní 1941 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Whinfield àti Dickson, ṣàwárí pọ́lísítà tí wọ́n pè ní Terylene, okùn tí wọ́n sì ń fi pọ́lísítà ṣe kì í nà púpọ̀. Láílọ́nù ń nà, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá.

Okùn tó ń fa igun iwájú ìgbòkun wálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni ìfàsókè láìsí ìfàsílẹ̀ kò lè na aṣọ. Bí ìlà ìrunjọ bá ti ibi tí ìdí ọ̀pá wà lọ́nà òkè lọ sí igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, okùn yìí kò le tó. Púlì tó sọ agbára ọwọ́ di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló tọ́ fún balance lug.

Atukọ̀ kan, Blondie Hasler, fi hàn ní 1960 bí ètò ìfàsókè ìgbòkun ṣe lè dẹ atukọ̀ lọ́rùn tó. Jester, ọkọ̀ rẹ̀, lo ìgbòkun bíi ti àwọn ará Ṣáínà, tó jẹ́ ìbátan balance lug. Gbogbo okùn rẹ̀ wọnú ihò kan láàárín ọkọ̀, ó sì ń gbé ìgbòkun sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, láìjáde síta. Ó fi ọjọ́ 48 dá nìkan la Òkun Àtìláńtíìkì já láti Plymouth dé New York, ó sì ṣe ipò kejì sí Francis Chichester nínú ìdíje àwọn tó ń dá nìkan tukọ̀.

Fún ọkọ̀ kékeré, igi oníwo méjì tí a ń wé okùn mọ́ lára òpó tàbí ìtòsí ìjókòó ti tó. A ń wé okùn náà bí iye 8, láìta kókó tí kò ní tú bí omi bá rin ín. Ìyókù okùn ni a ó ká, tí a ó sì gbé kọ́ lọ́nà tí yóò fi lè sáré tú nígbà tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tún máa ń wà, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìgbòkun, láti òkè òpó dé ọ̀pá ìsàlẹ̀, tó ń gba ọ̀pá òkè àti aṣọ mọ́ra nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ nílẹ̀, kí wọ́n má baà já lu ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tàbí kí wọ́n bọ́ sómi.