Ogún Ìyá àti Òfin Ẹ̀sìn ní Abúlé Àwọn Minangkabau

Láàrin àwọn Minangkabau, tí abúlé wọn wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, obìnrin ni ó ni ilé àti ilẹ̀ ìdílé. Láti ọwọ́ ìyá ni oko ìrẹsì ti ń bọ́ sí ọwọ́ ọmọbìnrin. Arákùnrin ìyá, tí wọ́n ń pè ní mamak, ni ó ń bójú tó o. Kò sí ẹnì kan tí ó lè dá a tà.

Ní nǹkan bí ọdún 1803, ẹgbẹ́ Padri bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àṣà ogún yìí wà lára ohun tí wọ́n takò, nítorí pé nínú òfin Ìsìláàmù, ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Òyìnbó Nẹ́dálándì dá sí i ní 1821, wọ́n sì mú Tuanku Imam Bonjol, olórí Padri, ní 1837.

Síbẹ̀, àṣà náà kò parun. Ìdí ni pé a pín dúkìá sí méjì: èyí tí a jogún láti ìran dé ìran ń tẹ̀lé àṣà, èyí tí ènìyàn fi òógùn ojú ara rẹ̀ kó jọ ń tẹ̀lé òfin ẹ̀sìn. Ìpàdé àwọn àlùfáà, olórí ìdílé àti ọ̀mọ̀wé ní Bukittinggi fọwọ́ sí ìpín yìí ní 1952. Ohun tí ogun kò lè yanjú, ààlà tí ó yé tọ̀tún tòsì ni ó yanjú rẹ̀.