Àtúnṣe Ni Tàbí Ìpààrọ̀? Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó sọ pé bí òun kò bá sí nílé, kí ẹnikẹ́ni má dá ìmọ̀ràn lẹ́yìn òun. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kú ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, ohun tí mẹkáníìkì máa ń bi ọlọ́kọ̀ ni pé: ṣé kí a tú u ká tún un ṣe ni, tàbí kí a ra òmíràn gbé sí i? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ irin àti epo lásán ni. Èrò tèmi ni pé ìtàn náírà ló ti ń dáhùn ìbéèrè yìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní ọ̀nà Badagry, Èkó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, náírà sì lágbára. Títí di ọdún 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Èyí mú kí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun ṣeé rà.

Àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà náà sì gba àtúnṣe. Ẹ̀yìn ni ti dáńfó Volkswagen wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kì í lo omi. Sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ, wọn a yọ ọ́, wọn a fi tuntun sí i pẹ̀lú písítìn àti ríǹgì. Omi ni Peugeot 504 ń lò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n sílíńdà rẹ̀ náà ṣeé fà yọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Nígbà tó fi di ọdún 1990, dọ́là kan ti tó náírà mẹ́jọ. Ọkọ̀ tuntun di ohun àwòmọ́jú fún òṣìṣẹ́. Ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun gbòde, tí a fi orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ pè é: Tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ náà kún ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tí kò jìnnà sí Ṣómólú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan tó ń wọlé, ara ẹ́ńjìnnì gan-an ni sílíńdà wà. Bí ó bá jẹ, àfi kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Onídáńfó tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó lójoojúmọ́ kò lè dúró. Ìpààrọ̀ yá ju àtúnṣe lọ.

Àmọ́ ìpààrọ̀ ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó ra Tòkunbọ̀ kò rí inú rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì wà nínú ìwé ọkọ̀, ó di dandan kí ó tún ìwé ṣe.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 ní ọdún 2024. Ẹ́ńjìnnì àlòkù, tí dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, wọ́n sí i. Òótọ́ ni pé ríǹgì àti písítìn náà ń ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n owó wọn kò tó ti odindi ẹ́ńjìnnì. Báyìí ni àtúnṣe tún padà di ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni èyí: ta ni yóò ṣe é? Ọmọṣẹ́ tó jẹ́ pé gbé-e-sọ̀-gbé-òmíràn-sí-i ló kọ́ lè má mọ bí a ṣe ń wọn sílíńdà. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ 34 sínú ẹ̀kọ́ girama àgbà, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì wà lára wọn nígbà náà. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ náà parẹ́.

Ní ìparí, bí irin ẹ́ńjìnnì bá ti là tàbí tó fọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣì pé, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ ṣírò owó méjèèjì kí ẹ tó pinnu. Náírà lè lọ sókè, ó lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni kì í bá a lọ.