Ìtàn Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ìtànṣán Átọ́míìkì

Ẹ̀yin ará ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, kò sí ẹni tí kò mọ ọyẹ́ nínú yín. Eruku aṣálẹ̀ a máa bà lé bẹ́ńṣì ilé Ọlọ́run, a ó fi aṣọ nù ún, ọ̀rọ̀ a sì parí. Ṣùgbọ́n li ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1960, ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, li aṣálẹ̀ Algeria. Láti ìgbà náà ni eruku ti di ọ̀ràn ìjọba. Faransé wí pé kò sí ewu. Ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ìtànṣán átọ́míìkì kò li òórùn, ojú kò sì rí i.

Ẹ̀rọ li ó lè rí i. Hans Geiger àti Walther Müller, àwọn ará Jámánì, ni wọ́n ṣe é jáde li ọdún 1928: ọ̀pá oníhò tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí wáyà tínrín kan tí ó gba iná mànàmáná là á já. Bí ìtànṣán bá gba ibẹ̀ kọjá, iná a ta fìrí, ẹ̀rọ a sì kà á li ẹyọ kan. Kíkà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Faransé yin ẹ̀kẹta li oṣù Kejìlá ọdún 1960, Nàìjíríà lé aṣojú wọn jáde li oṣù Kíní ọdún 1961. Ìgboyà ni. Síbẹ̀ mo ka ilé-iṣẹ́ ìṣọ́ ìtànṣán tí a dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn li ọdún 1964 sí ohun tí ó tóbi jù. Lílé aṣojú kò lè sọ fún abiyamọ bóyá omi òjò inú ìkòkò rẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ń bèèrè ẹlẹ́rìí yóò jẹ́ kí a ṣọ́ òun pẹ̀lú. Li ọdún 1968 Nàìjíríà wọ àdéhùn àgbáyé pé òun kò ní ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Li ọdún 2004 ẹ̀rọ átọ́míìkì kékeré láti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria, fún ìwádìí nìkan. Uranium tí ó wà nínú rẹ̀ tó bí kílógíráàmù kan. Kò tó láti ṣe bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n irú èyí tí a fi ń ṣe é ni. Nítorí náà li ọdún 2018 a dá a padà sí Ṣáínà, a sì fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Àjọ tí ń ṣọ́ irú nǹkan wọ̀nyí li àgbáyé ti wà ní Vienna láti ọdún 1957. Àwọn olùṣọ́ rẹ̀ kò lè sùn sí gbogbo ilé átọ́míìkì. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá, ẹ̀rọ ìkàtànṣán àti kámẹ́rà tí a fi èdìdì dì ni ó ń fi iye tí wọ́n kà ránṣẹ́ sí Vienna fúnra wọn. A fi àmì àṣírí sí i lára, kí onílé má baà yí i padà. Bí iná bá lọ, bátìrì ń gbé e. Bí ẹnìkan bá sì ṣí èdìdì náà, ẹ̀rọ yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.