Nígbà Tí Ìbàdàn Kún Dé Bèbè Odò Ògùnpa

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé àwa ènìyàn inú ayé ti pé bílíọ̀nù mẹ́jọ. Olùkọ́ wa kọ iye náà sí ojú pátákó, a ka òdo tó wà nínú rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Kò yé mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo bi ìyá àgbà mi léèrè nípa omíyalé Ògùnpa ni mo tó mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi ojú ilẹ̀ ṣe.

Ẹ̀bá ọ̀dàn ni wọ́n ti yọ orúkọ Ìbàdàn, níbi tí igbó àti pápá ti pàdé. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá sọ ibẹ̀ di ibùdó. Agbègbè òkè Màpó ni wọ́n kọ́kọ́ pọ̀ sí, nítorí ó ṣòro fún ọ̀tá láti gòkè wá bá wọn. Àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn ń wá sá di wọ́n, ìlú sì ń gbòòrò. Ọkọ̀ ojú irin dé ní ọdún 1901, òwò kòkó gbèrú, àwọn oníṣòwò kó ìsọ̀ wá sí Gbági àti Dùgbẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1952, ará Ìbàdàn ti ju 450,000 lọ. Ní ọdún 1963, wọ́n ti ju 620,000.

Níbo ni wọn yóò gbé? Òkè ti kún. Ilẹ̀ tí tálákà lè rówó rà ni bèbè odò, Ògùnpa sì rèé, àárín ìlú ló gbà kọjá. Wọ́n kọ́lé tì í lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ tí koríko bò máa ń fa omi òjò mu, ṣùgbọ́n páànù àti títì ọlọ́dà kì í mu omi. Ṣe ni wọ́n ń dà á sínú odò. Nínú àwọn agboolé àtijọ́ tí ilé ti fún mọ́ ilé, ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ kò rí ọ̀nà wọlé, nítorí náà odò yìí kan náà ni wọ́n sọ di ààtàn.

Omi ti ya wọlé ní ọdún 1978. Èyí tó burú jù dé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ìyá àgbà ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Òkè-Àdó nígbà náà. Wọ́n ní òjò náà rọ̀ títí ó fi sú àwọn, wọ́n rí mọ́tò àti ewúrẹ́ tí omi ń gbé lọ. "Ọkọ mi," ni wọ́n wí fún mi, "ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ọdún kan tọ́jú owó rà, n kò rí i mọ́ títí dòní." Ó ju 200 ènìyàn lọ tó kú. Ọgbà Agódi bàjẹ́. Ìjọba wá gbẹ́ ojú odò náà, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò mìíràn nílùú náà kún, wọ́n wó afárá, ènìyàn tó ju 100 lọ tún kú.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ bíbí ló fa gbogbo rẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn tó kọ́lé sí bèbè odò kò ya wèrè. Owó ilẹ̀ ibòmíràn ni wọn kò ní, ìlú tó gbà wọ́n kò sì ṣètò ibi tí wọn yóò gbé.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ilé wa. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Àwa mẹ́jọ là ń gbé yàrá mẹ́ta, bàbá mi sì ti ra búlọ́ọ̀kù tí wọn yóò fi kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀: ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré ló kù dé odò. Mo sọ ohun tí mo kà fún wọn. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi títí mo fi parí, wọ́n wá ní, "Níbo ni kí àwọn àbúrò rẹ máa sùn?" N kò rí èsì fọ̀. Ìyá àgbà ló dá sí i pé kí wọ́n kúkú kọ́ ọ sórí èyí tó wà nílẹ̀, kó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò tíì sí. Àwọn búlọ́ọ̀kù náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, koríko ti ń hù láàárín wọn.