Àwọn Ará Jámánì Tí Ajé Gbé Wá sí Èkó

Orúkọ Ajégúnlẹ̀, ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Àpápá, fi hàn pé ajé ni í máa ń kó àlejò jọ sí Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ látijọ́ ni àwọn ará Jámánì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogunlọ́gọ̀ wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láti dáko. Àwọn tí ó wá sí Èkó kò pọ̀. Òwò ni àwọn kan bá wá, ìwàásù ni àwọn mìíràn bá wá.

Ọmọ Württemberg ni C. A. Gollmer àti David Hinderer, ṣùgbọ́n ìjọ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán wọn níṣẹ́. Gollmer dé Àgbádárìgì ní 1845. Hinderer fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó ní 1853.

Nínú àwọn oníṣòwò, ilé O'Swald ti Hamburg ni ó ṣáájú. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kó láti Zanzibar wá fi ra epo pupa. G. L. Gaiser, tí ó ti ṣe aṣojú wọn rí, ni ó gba òwò náà. Èkùrọ́ ni ó gbé e ga, títí Hamburg fi di ọjà èkùrọ́ Èkó.

Ní 1885, nígbà tí aṣojú Gaiser ti ra etí òkun Màhìn, ìjọba Jámánì nawọ́ ààbò sí ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọwọ́. Àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ni etíkun náà kò láṣẹ nínú àdéhùn àwọn alágbára méjèèjì. Ọmọ Ìlàjẹ wà lára àwọn tí ń gbé Ajégúnlẹ̀ lónìí.

Ogun dé ní 1914. A kó àwọn ará Jámánì sí àhámọ́, a gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní wọn, a sì lù ú ní gbàǹjo ní London ní 1916. Àgbẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà wá rí i pé ẹni tí ó ń ra èkùrọ́ òun jù lọ kò sí lọ́jà mọ́.

Ní 1965 ni a gbé iṣẹ́ Afárá Èkó, tí ó so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìjọra lójú ọ̀nà Àpápá, fún ilé-iṣẹ́ Julius Berger ti Jámánì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni ó bẹ àlejò níṣẹ́. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí: ajé lè gúnlẹ̀ síbikíbi, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni ó yẹ kí ó fún un ní ìjókòó.